Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá báàgì Balenciaga City: ayédèrú ni wọ́n tà fún mi

Ẹ̀yin tí a jọ fẹ́ràn báàgì olórúkọ, ìbínú ni mo fi ń kọ èyí, ojú sì ń tì mí, nítorí pé èmi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ké sí kí n bá wọn yẹ báàgì wò kí wọ́n tó sanwó ni ẹnì kan ta ayédèrú fún lọ́sàn-án gangan. N kò ní dárúkọ oníṣòwò náà níbí, ṣùgbọ́n n óò tú ọgbọ́n tó dá síta fún yín, torí pé òun nìkan kọ́ ló ń dá a.

Ẹ rántí pé Nicolas Ghesquière ló gbé ìran báàgì yìí jáde fún Balenciaga ní ọdún 2001. Awọ rẹ̀ máa ń rọ̀, okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fì lẹ́nu síìpù rẹ̀, ìdè àti ìṣó onírin wà níwájú rẹ̀, dígí kékeré tí wọ́n fi awọ yí etí rẹ̀ ká sì máa ń bá a wá. Nígbà tó yá, ọkàn àwọn ológe kúrò lára rẹ̀, títí ilé-iṣẹ́ náà fi tún gbé e síwájú ayé ní ọdún 2024 lórúkọ Le City, tí gbogbo ènìyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì ti rí àyè wọlé. Ojúlówó ti di oríṣi méjì, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, nítorí náà ìbéèrè yòówù kí o bi wọ́n, wọn yóò sá lọ sábẹ́ èyí tó bá gbà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú Saddle ti Dior, èyí tí John Galliano dá sílẹ̀, tí Maria Grazia Chiuri sì tún gbé padà ní ọdún 2018, àti pẹ̀lú Baguette ti Fendi, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1997, tí wọ́n sì tún polówó rẹ̀ lákọ̀tun ní ọdún 2019.

Ẹ gbọ́ bí oníṣòwò náà ṣe fi mí ṣeré. Mo bi í pé kí ló dé tí n kò rí ọ̀rọ̀ Lampo, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe síìpù, lábẹ́ orí síìpù, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wo báàgì City àtijọ́. Ó ní, “Àǹtí mi, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, wọ́n ti yí síìpù padà.” Mo ní ó dára, dígí rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, “Ha, Àǹtí mi, ẹ mọ̀ pé báàgì yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, dígí ti sọnù.” Báàgì kan ṣoṣo! Ó jẹ́ tuntun nígbà tí mo béèrè síìpù, ó di ògbólógbòó nígbà tí mo béèrè dígí. Mo gbọ́ ọ, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ta kora, síbẹ̀ mo jẹ́ kó kọjá, nítorí pé ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá City dúdú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló kó bá mi. Bí ó bá pe owó tí kò tó nǹkan, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, n óò sì sá. Iye tó pè fi díẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń ta ojúlówó àlòkù, èyí ló sì jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ náà dára, torí pé àwòrán báàgì gidi ni, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ta ni yóò mọ̀?

Ibi tí ó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ owó sísan. Ó ní bí mo bá sanwó láti inú ìkànnì tí a ti pàdé, àwọn tó ni ìkànnì yóò yọ tiwọn, nítorí náà kí n fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì òun, òun yóò sì bá mi dín in kù. Èmi náà sì fi ránṣẹ́. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn rí pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Nígbà tí báàgì dé, òórùn gáàmù ló kọ́kọ́ jáde. Awọ rẹ̀ gan bí páálí, àwọn okùn ẹnu síìpù dúró gbagidi, nígbà tí mo sì fi èékánná ha ọ̀kan nínú àwọn ìṣó, àwọ̀ rẹ̀ bó. Mo ṣí inú rẹ̀, mo yí àmì awọ tó wà níbẹ̀ padà láti wo nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń mọ oríṣi báàgì, nọ́ńbà tí mo sì rí ni 103208. Nọ́ńbà First ni, ẹ̀yà mìíràn nínú ìran báàgì yìí! 115748 ni nọ́ńbà City, First sì kéré sí City tí ojú lásán yóò fi mọ ìyàtọ̀. Àwọn tó ṣe ayédèrú yìí kò tilẹ̀ ní ìtìjú tí wọn yóò fi kọ nọ́ńbà tó bá a mu. Owó mi ni wọ́n gbà, wọn kò sì ka ojú mi sí ojú.

Mo ya àwòrán nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí Àǹtí òun fara balẹ̀, pé àṣìṣe ilé-iṣẹ́ ni, pé irú báàgì tó ní àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ máa ń wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ẹ gbọ́ nǹkan! Mo ní kó dá owó mi padà, ó sì dí gbogbo ọ̀nà tí mo lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Káàdì kan tí wọ́n fi góòlù kọ ni ó kù sí mi lọ́wọ́, tí ó ní ẹ̀rí pé ojúlówó ni, káàdì tí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀.

Ní kíákíá, kí n tó gbàgbé: ẹ bèèrè àwòrán nọ́ńbà inú báàgì àti abẹ́ síìpù kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì ya á níṣojú yín nínú fídíò. Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ ti lè gba owó yín padà sanwó. Louis Vuitton kì í fi káàdì ẹ̀rí sínú báàgì rẹ̀ rárá, láti ọdún 2021 ni òun àti Chanel sì ti ń lo ẹ̀rọ tíntín (microchip) tí wọ́n fi sínú báàgì, dípò nọ́ńbà àtijọ́ tí àwọn oníjìbìtì ṣì ń tọ́ka sí lórí báàgì tí wọ́n pè ní tuntun.

Ní tèmi, n kò gba ọ̀kankan gbọ́ mọ́ nínú àwọn tó ń ta àlòkù wọ̀nyí. Ẹ lè ní mo ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan bá gbogbo wọn wí, bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún oníṣòwò mìíràn tí mo mọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe láti tún báàgì náà tà fún ẹlòmíràn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ta ayédèrú fún mi sì ti tún gbé àwòrán City dúdú kan náà síta báyìí, ó ní ti ọdún 2024 ni, nítorí náà bí ẹ bá rí City dúdú tí kò ní dígí, tí ẹni tó ń tà á sì ń sá fún bíbojú wo nọ́ńbà inú rẹ̀, ẹ bi í léèrè 103208, kí ẹ sì wo ohun tí yóò sọ.