PDF, EPUB àbí Kindle: Èwo Ló Ń Pa Nọ́ńbà Ojú Ìwé Mọ́?

Bí olùkọ́ kan ní Akọka bá ní kí gbogbo kíláàsì ṣí ojú ìwé 112, ẹni tó mú ìwé bébà dání yóò débẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka tirẹ̀ lórí fóònù lè máa wá a títí, nítorí pé bí ó bá ti sọ lẹ́tà di ńlá, iye ojú ìwé tí fóònù ń kà fún un lè yí padà.

Nínú oríṣi ìwé orí ẹ̀rọ mẹ́ta yìí, PDF ló dájú jù, torí bí ojú ìwé ṣe rí lórí bébà náà ló ṣe rí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, láti èèpo ìwé ni áàpù ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà: bí ojú ìwé mẹ́rìnlá bá ṣáájú orí kìíní, ẹni tó bá tẹ 112 yóò bá ara rẹ̀ ní ojú ìwé 98 ti bébà. Lórí fóònù kékeré nínú dáńfó, fífa ojú ìwé sọ́tùn-ún sósì a tún máa súni.

EPUB, irú fáìlì ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ tò bá ojú fóònù mu, ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá fi àmì síbi tí ojú ìwé bébà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. EPUB 3, tó jáde ní 2011, fàyè gba èyí. Bí ẹ bá sì sọ lẹ́tà di ńlá, 112 ni 112 yóò máa jẹ́. Ó tún ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, tó ń fi etí gbọ́ ìwé, wà lójú kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì sí mi gan-an. Àmọ́ ọ̀pọ̀ EPUB ni kò ní àmì yìí. Adobe Digital Editions, áàpù kan tí a fi ń ka EPUB, yóò wá fi ìwọ̀n fáìlì ṣírò nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí kò bá ti bébà mu.

Kindle, ìwé orí ẹ̀rọ tí Amazon ń tà, kò ní nọ́ńbà ojú ìwé bébà rárá títí di 2011, kì í sì í ṣe gbogbo ìwé rẹ̀ ló ní in lónìí. Lójú ewé ayélujára tí wọ́n ti ń tà á, èyí tó bá ní in sábà máa ń kọ ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ìwé bébà tí wọ́n ti mú nọ́ńbà ojú ìwé náà. Ẹ fi í wé ISBN ẹ̀dà tí kíláàsì yín ń lò, nítorí pé nọ́ńbà ẹ̀dà kejì lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀kíní.

Fún ìwé ìtàn tí ẹ kàn fẹ́ gbádùn, èyíkéyìí ló tó. Fún ìwé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ gba abala ọ̀fẹ́ rẹ̀, kí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà náà dúró, kí ẹ tó sanwó.