Ìfẹnukò Níta Kóòtù àbí Ẹjọ́: Owó Gbà-má-bínú fún Ìfarapa Okùn Iṣan Inú Eegun Ẹ̀yìn

Ẹni tí okùn iṣan inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara, fara pa nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn lè gba owó gbà-má-bínú nípa ìfẹnukò níta kóòtù tàbí nípa ẹjọ́. Ìfẹnukò máa ń yá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i kì í sábà lè padà béèrè àfikún. Ewu ńlá nìyí, nítorí okùn iṣan náà máa ń wú lẹ́yìn ìjàǹbá, dókítà kì í sì í tètè mọ bí agbára ara yóò ti padà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú egbò ìdùbúlẹ̀ àti àpò ìtọ̀ lè gba owó títí ọjọ́ ayé. Ẹjọ́ a máa pẹ́, olùpẹjọ́ sì lè pàdánù. Mo fara mọ́ ìfẹnukò, kìkì bí dókítà bá ti sọ ibi tí ara dúró sí kí gbèdéke ìpẹjọ́, ìyẹn àkókò tí òfin fún ènìyàn láti pẹjọ́, tó kọjá.