Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra tánkì vape ní Àjàṣẹ́: ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ máa ń ránṣẹ́ ra nǹkan níbí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi owó kankan ránṣẹ́ lórí MoMo nítorí tánkì "ojúlówó láti Jámánì", ẹ ka èyí tán ná. 65,000 sẹ́fà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n gbé fún mi kò tó 15,000.

Fóònù ni mo ń tún ṣe nítòsí ọjà Wàndó. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti pa sìgá tì, tí mo bọ́ sórí vape, ìyẹn sìgá oníná tó ń sọ omi di èéfín. (Ẹni tí kò bá mu sìgá rí, kó má wulẹ̀ fọwọ́ kan èyí náà o. Nikotíìnì ni nikotíìnì ń jẹ́, kì í sì í tètè fini sílẹ̀.) Tánkì ni orí vape, ibi tí omi àti kóìlù tó ń gbóná wà. Irú èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tí à ń pè ní RTA. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń wé wáyà rẹ̀ di kóìlù, tó ń ki òwú bọ inú rẹ̀, tó ń rọ omi sí i. Bí kóìlù bá jó, a kì í ju nǹkan kan nù ju wáyà tó gùn tó ìka ọwọ́ lọ. Ọwọ́ mi ti mọ́ iṣẹ́ kéékèèké, nítorí náà ó bá mi lára mu.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀ yóò ti gbọ́ orúkọ Kayfun. Ilé iṣẹ́ SvoëMesto ní Jámánì ló ń ṣe é, owó rẹ̀ sì máa ń lọ sí nǹkan bí 100 yúrò. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, iye yẹn kì í sì í yí padà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 65,500 kí a tó dá owó ìfiránṣẹ́ sí i. Ní ọjọ́ tí mo rí i lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ọmọkùnrin kan ní 65,000, inú mi dùn débi pé n kò bi ara mi pé, ṣé àánú mi ló ń ṣe é ni? Ẹni tó rà á ní 65,500 ní Jámánì, tó gbé e wọkọ̀ òfuurufú, tó wá ń tà á ní 65,000 ní Àjàṣẹ́! Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dúró.

Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. "Fòfó, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Hamburg ló ń kó o wá, méjì péré ló kù." Mo ní kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n rí i. Ó ní òun wà ní Ìgòlò, òun ń gba ẹrù lọ́wọ́, òun á fi rán oní-zémì kan, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fi owó sọwọ́ nítorí pé ẹlòmíràn ti ń dúró dè é. Mo fi sọwọ́. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má sanwó fóònù tí wọn ò tíì tàn wò.

Ká má purọ́, àpótí rẹ̀ dára. Dúdú, ó nípọn, fóòmù wà nínú rẹ̀, rọ́bà àti síkúrù àfikún wà nínú ọ̀rá kékeré, káàdì kan sì wà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí, tó bá èyí tó wà lára tánkì mu. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró ẹ̀rọ lè kúrò lára rẹ̀. Òróró yẹn kì í ṣe àmì ayédèrú o, ojúlówó náà ń ní i, ẹ fọ èyíkéyìí tí ẹ bá rà. Mo wá fi wáyà Kanthal 0.32 mm wé kóìlù ní ìlọ́po mẹ́fà lórí irin 2.5 mm. Iye tó yẹ kí n rí ni nǹkan bí 1.1 ohm (ohm ni a fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dá iná dúró tó). Mo rí 1.1 lóòótọ́. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, 1.4. Mo tún un dè, ó di 0.8. Mo fọwọ́ kàn án pẹ́rẹ́, mod mi, ẹ̀rọ oníbátìrì tí tánkì ń jókòó lé, ní òun kò rí tánkì kankan lórí òun.

Mo rò pé ọwọ́ mi ló fà á. Mo tú u, mo tún un wé. Nígbà kẹta tí mo dè é, ẹnu síkúrù tó di wáyà mú ti ya, ó ń yí lófo. Mo fi èyí tó wà nínú ọ̀rá rọ́pò rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ kírun. Kí n tó dé, omi rẹ̀ ti ń ti ojú ihò afẹ́fẹ́ jò, ó ti ṣàn dé orí bọ́ọ̀dù fóònù oníbàárà kan tí mo tú sílẹ̀. Mo sanwó bọ́ọ̀dù yẹn, mi ò sì fẹ́ sọ iye tó jẹ́.

Ohun tó là mí lójú pátápátá ni ẹsẹ̀ ìyíǹdè tánkì náà, ibi tí àwọn apá rẹ̀ ti ń yí wọ inú ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ gíláàsì tí mo fi ń wo bọ́ọ̀dù. Àwọ̀ fàdákà orí rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo, abẹ́ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Idẹ ni! Wọ́n tà á fún mi pé irin tí kì í dípata ni látòkè délẹ̀, kò sì yẹ kí irin bẹ́ẹ̀ ní èèpo láti ṣí. Idẹ tí wọ́n ń rọ sí irú nǹkan báyìí sì máa ń ní òjé díẹ̀ nínú, kó lè rọrùn fún ẹ̀rọ láti gé. Èéfín tó ń gba ibẹ̀ kọjá, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Síbẹ̀, mo ṣì ń bá ara mi jiyàn. Ó di ọjọ́ tí bọ̀dá kan tó ń gbé Kútọnu wá tún ojú fóònù rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ mi. Bó ṣe jókòó ló yọ Kayfun jáde lápò, tuntun. Mo bi í níbi tó ti rà á. Ó ní ọmọkùnrin kan ni, lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Hamburg. Mo fa dúrọ́ọ̀ ṣí, mo mú tèmi, mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo ní kó ka nọ́ńbà tirẹ̀ sí mi létí. Ó kà á. Nọ́ńbà ara tèmi ni, láti orí dé ìdí.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan, tánkì méjì. Àwa méjèèjì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́, nítorí ó ní òun fẹ́ gbé tirẹ̀ sórí mod oní-páìpù òun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó. Mod tèmi ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń wọn iná. Bí nǹkan bá rú, ó máa kọ̀, kò ní tan, ìyẹn náà ló yọ mí. Mod oní-páìpù kò ní irú ẹ̀. Páìpù irin ni, bátìrì ni, bọ́tìnnì ni, ó tán. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid, orí bátìrì ni ìdí tánkì ń jókòó lé gan-an. Ṣóńṣó kékeré kan wà ní àárín ìdí tánkì, òun ni pin 510. Ó gbọ́dọ̀ yọ síta ju irin tó yí i ká lọ, kó jẹ́ òun nìkan ni yóò kan orí bátìrì. Bí kò bá yọ, irin tó yí i ká ló máa kàn án, iná á sì gba ibẹ̀ lọ tààrà láì dé inú kóìlù. Bátìrì 18650, irú èyí tó ń wọ inú mod, jẹ́ 4.2 volt tó bá kún. Lórí kóìlù 1.1 ohm, kò fi gbogbo ara ju 4 amp lọ. Bí kò bá sí kóìlù lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí yóò dá iná náà dúró mọ́. Bátìrì á gbóná, á tú gáàsì, inú páìpù tó sé pinpin ló sì wà, ní ọwọ́ ènìyàn, níwájú ẹnu rẹ̀.

Mo fi èékánná ti ṣóńṣó tèmi. Ó wọlé. Ike tó yẹ kó dì í mú kò fún mọ́ ọn. Mo ti ṣóńṣó tánkì bọ̀dá yẹn náà, ó dọ́gba pẹ̀lú irin tó yí i ká. Ó wò mí, ó wo tánkì, ó kó o padà sínú àpótí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe pé mo ń bá gbogbo clone, ìyẹn àwòṣe, jà. Àwọn kan ní Ṣáínà máa ń ra ojúlówó, wọn á tú u, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á ṣe irú rẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn nínú wọn mọṣẹ́ dáadáa. Mo ní RDA kan bẹ́ẹ̀ (èyí tí à ń kán omi sí òwú rẹ̀ tààrà) tí mo rà ní 12,000, ẹni tó tà á sọ fún mi gbangba pé clone ni, ó ti lé ní ọdún méjì, kò yọ mí lẹ́nu rí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá irú tánkì kan bá òun lára mu kó tó fi owó ńlá lé e, mi ò lè dá a lẹ́bi. Lóòótọ́, ẹni tó jókòó ronú nǹkan náà jáde kò rí kọ́bọ̀ jẹ níbẹ̀, kálukú kó bi ọkàn ara rẹ̀ wò lórí ìyẹn. Àmọ́ àwòṣe tó jẹ́wọ́ pé àwòṣe lòun yàtọ̀ sí ayédèrú tó ń gba owó ojúlówó. Èyí kejì yẹn, gbájú-ẹ̀ ni.

Káàdì àti àpótí kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ ti rí i. Bí àwọn ilé iṣẹ́ kan bá fi kóòdù tí à ń họ sára àpótí wọn, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà, ẹ má ya fọ́tò QR orí àpótí, nítorí ẹni tó lè ṣe àpótí lè ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò sọ fún yín pé "ojúlówó ni". Bí ojú ewé gidi bá sì sọ pé wọ́n ti yẹ kóòdù náà wò rí ṣáájú yín, tí àpótí sì jẹ́ tuntun, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tún un tò. Ẹsẹ̀ ìyíǹdè tó dára ń yọ̀ wọlé láìha. Ẹ ti ṣóńṣó ìdí rẹ̀ bí mo ti ṣe. Ẹ wo àwọn síkúrù inú rẹ̀ bóyá ẹnu wọn mú. Ẹni tó bá ní mítà tó ń wọn ohm, kó gbé e dání. Bí kò bá tíì sí kóìlù lórí rẹ̀, tí mítà wá ń dún láàárín ṣóńṣó àti irin ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e padà fún un. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè ràn yín lọ́wọ́ o, torí kò ní mú idẹ, kò sì ní mú irin tí kì í dípata dáadáa náà.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti wá sí Wàndó nítorí tánkì kan. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pè yín lórí fídíò, kó tú u lójú yín, kó fi ìdí rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun kò dára fún fídíò, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ wá dára fún gbígba MoMo, ẹ bi ara yín léèrè.

Ó tún ń ta bátìrì, ọmọkùnrin yìí. 18650 tí wọ́n kọ 9900 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) sí lára! Ojoojúmọ́ ni mo ń rí bátìrì, ọ̀pọ̀ èyí tó dára nínú ìwọ̀n yẹn ń yí ká 3500. Bí mo bá ti rí bátìrì yẹn kí n tó sanwó, mi ò bá má sanwó.

Bí owó yín kò bá tó ti Jámánì, ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ń ta iṣẹ́ tiwọn fúnra wọn ní owó tí kò jìnnà sí ti clone. Fún ẹni tó ń fa á bíi sìgá, tó ń kó o sẹ́nu kó tó gbé e mì sáyà, Ares ti Innokin àti Berserker ti Vandy Vape dára. Ẹni tó fẹ́ èéfín púpọ̀ lè wo Zeus ti Geekvape. Ojúlówó ni wọ́n ń jẹ́, rọ́bà àti gíláàsì wọn sì ṣeé rí rà. Ares ni mo ń lò báyìí. Kò ní òkìkí Kayfun, àmọ́ n kò tíì nu tábìlì nítorí rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ti dí mi pa lórí WhatsApp láti ọjọ́ tí mo fi fọ́tò tánkì méjèèjì ránṣẹ́ sí i. Lánàá, àbúrò mi fi sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ hàn mí lórí fóònù tirẹ̀. Ó ti dín in sí 60,000, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjì péré ló kù.