Àwo From Spirituals to Swing tí mo rà, àti ọ̀rọ̀ èmi àti ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi

Láti Sátidé ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àwo méjì tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Vanguard gbé jáde ní 1959 ni mo ń wí, orin àwọn olórin tí John Hammond, ọkùnrin tó máa ń ṣàwárí olórin, kó jọ sí gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, 1938 àti 1939. Ẹni tó bá fẹ́ràn bulúùsì (blues) ti mọ̀ ọ́n. Tìtorí Mitchell's Christian Singers ni mo ṣe rà á, ọkùnrin mẹ́rin láti Kinston, North Carolina, kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ẹnì kan ń lé, àwọn tó kù ń gbè, orí èèyàn á wú.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn kọ ọ́ pé kò síbi tó ha. Mo san $45, mo tún san $18 kí wọ́n lè fi ránṣẹ́. Sonny Terry ń fọn hámónííkà ẹ̀ geere (afọ́jú ni o, Blind Boy Fuller, olórin bulúùsì kan, ni Hammond wá lọ sí Durham, ó bá a lẹ́wọ̀n, ló bá mú Sonny yìí tó jẹ́ aládùúgbò ẹ̀). Ó wá kan àwọn mẹ́rin mi, ẹni tó ń lé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóhùn sókè ni abẹ́rẹ́ bá há, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń pè tó tún ń pè, bíi pé wọ́n fún un lọ́rùn.

Mo pè wọ́n. Ọmọkùnrin kan gbé e, kò kí mi, kò bi mí irú ẹ̀rọ tí mò ń lò, ó ní kí n gbé owó ẹyọ lé orí abẹ́rẹ́ kó lè wúwo. Mo ṣe é. Abẹ́rẹ́ kọjá lóòótọ́, àmọ́ ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, táì, táì, táì. Mo pè padà, ó ní àwọn kì í gba ọjà padà tí wọ́n bá ti lò ó, ó sì gé fóònù mọ́ mi létí!

Ní Mọ́ńdè, ìyá àgbàlagbà kan pè mí láti ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà. Ohùn wọn tutù. Wọ́n ní kí n gbé àwo náà sábẹ́ iná, kí n yí i díẹ̀díẹ̀, kí n sọ nǹkan tí mo rí. Mo rí nǹkan dúdú kan tí kò ju ẹyin èèrà lọ, ó lẹ̀ mọ́nú ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Wọ́n ní ìdọ̀tí tó ti gbẹ nìyẹn, kì í ṣe pé ó ha, kí n fi aṣọ rírọ̀ àti irú omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò rin ín, kí n máa nù ún bí ìlà ṣe yípo, kí n má fà á dábùú. 40 mínítì, wọn ò gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo tún gbé abẹ́rẹ́ lé e, orin ṣàn kọjá ibẹ̀, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu ẹ̀, màmá náà ń bá wọn gbè é lábẹ́lẹ̀ lórí fóònù. Omi bọ́ lójú mi.

Páálí ẹ̀ ń rùn bí aṣọ tí òjò pa, ohùn ẹ̀ náà ò sì lè mọ́ bíi ti òde òní. Ẹ rà á! Ẹ sáà má gbé owó ẹyọ lé e.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn, 2 nínú 5. Ìlà ọmọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ.