FamilySearch lọ́wọ́ ará Okun: àpótí rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà

Ọ̀fẹ́ ni áàpù FamilySearch Tree, tí a fi ń kọ igi ìdílé sílẹ̀, tí a sì fi ń wá ìwé àtijọ́ nípa àwọn baba-ńlá, lórí Android àti iPhone. Ìjọ Mọ́mọ́nì ló ni ín. Wọ́n máa ń ṣe ìrìbọmi lórúkọ òkú, wọ́n sì ń mú orúkọ nínú igi ìdílé yìí ṣe é. Ìdílé tí èyí kò bá bá lára mu, kó tètè mọ̀.

Ẹni tó bá rò pé òun yóò tẹ orúkọ baba-ńlá òun ní Kàbà tàbí Ìsánlú, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, sí i, kí ìwé máa jáde wọ̀ìwọ̀ì bíi ti ará Amẹ́ríkà, dátà lásán ló ń jó. Àwọn fáìlì ìjọba òyìnbó nípa ẹkùn wa wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná, kì í ṣe Ìbàdàn, torí abẹ́ Àríwá la wà nígbà náà. LOKOPROF ni àmì tí ẹ ó fi béèrè wọn. Ìwé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: láti ọdún 1908 tí SIM, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì tó bí ìjọ ECWA, ti dé Ègbè, àgbàlagbà tó ti gbàgbọ́ ni wọ́n ń rì bọmi. Ọjọ́ ìrìbọmi inú ìwé ECWA kì í ṣe ẹ̀rí ọdún ìbí. Ti Kátólíìkì àti Áńgílíkà sàn jù, torí wọ́n ń rì ọmọ ọwọ́ bọmi.

Ibi tí áàpù yìí ti dáa ni ìpamọ́. Ó gba ìyàwó mẹ́ta, mẹ́rin fún ọkùnrin kan, ó sì ń to ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìyá rẹ̀. Ó gba "nǹkan bí 1895" dípò ọjọ́ ìbí pàtó. Kí ẹ lè mọ ọdún náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà: ṣé wọ́n ti bí ẹni náà nígbà tí ọmọ ogun Nupe sá kúrò ní Kàbà, ní 1897? Ṣé ó ti ń rìn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, ní 1918? Babátúndé inú ilé náà lè ràn yín lọ́wọ́: baba-ńlá ti kú kí wọ́n tó bí i, ó sì sábà máa ń jẹ́ láìpẹ́ sí ìgbà náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ "bàbá". Àgbà á ní "bàbá mi ni", kó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń wí. Ẹ bi í léèrè: ta ló bí i gan-an, ìyá wo ló gbé e pọ̀n? Níbi tí wọ́n bá ti ṣú opó, ẹni tí ọmọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lè máà jẹ́ ẹni tó bí i. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ìtàn tó bá ti kan oyè tàbí ilẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ìdílé méjì kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ẹni tí a kì í rí nínú igi ìdílé, obìnrin ló sábà máa ń jẹ́. Nílé ọkọ, orúkọ ọmọ tàbí ọjà tó ń tà ni wọ́n ń pè é, "Ìyá Ẹlẹ́pà", títí tí orúkọ àbísọ rẹ̀ fi sọnù. Ilé bàbá rẹ̀ ni orúkọ ọ̀hún wà, kì í ṣe ilé yín. Ẹ wádìí ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kí ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì mọ èèwọ̀ ilé náà. Ẹ fi "Ìyá Ẹlẹ́pà" sí àyè orúkọ mìíràn lórí áàpù, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ lè dá a mọ̀. Bákan náà ni Ayédùn àti Aiyedun: akọ̀wé iléèwé ló yàtọ̀, kì í ṣe ìdílé.

Ẹ gba ohùn àgbà sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ orúkọ. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé fóònù sórí àpótí ìjókòó, kó má ju gígùn apá kan lọ sí ẹnu rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ méjì burú. Ẹni tó bá wà láàyè, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló ń rí i bí ẹ kò bá jọ dá ẹgbẹ́ ìdílé sílẹ̀ níbẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á kọ ìyá kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí ìyá bá kú, ìyá méjì á yọjú, ẹ ó sì ní láti pa wọ́n pọ̀. Èkejì, ẹnikẹ́ni lè yí àkọsílẹ̀ òkú padà. Ẹ máa wo ìwé àyípadà rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí wọ́n bá bà jẹ́, ẹ lè dá a padà síbẹ̀.