Ẹyin kan, ìdáhùn mẹ́rin: oṣù mẹ́rin tí mo fi lo áàpù olùtọ́sọ́nà oúnjẹ

Ẹyin ló fà á. Ẹyin méjì ni mo sè láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo ti bó èkíní, mo ti là á sí méjì lórí àwo. Ó ṣì gbóná, àwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí etí pupa rẹ̀ ká nítorí mo sè é jù. Mo gbé fóònù, mo ya ẹyin náà ní fọ́tò, torí bí áàpù yìí ṣe ní kí n máa ṣe nìyẹn kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Kò pẹ́ rárá tí ojú fóònù fi pọ́n: “Ẹ yẹra fún pupa ẹyin. Ọ̀tá ọkàn ni.”

Mo wò ó títí. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹyin méjì náà ni mo jẹ, áàpù yìí kan náà ló sì fi àmì aláwọ̀ ewé sí i, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́! Ọ̀rá tó ń ṣara lóore.” Mo padà lọ wá fọ́tò ọjọ́ Àìkú. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ ìyìn náà rẹ́, àmì pupa ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo tún wo ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wo ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Gbogbo ẹyin tí mo ti jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́jú, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé, “A ti yí èrò wa padà o.” Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹyin fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Àrùn ọkàn ló pa bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti máa ń fi ṣíbí yọ pupa ẹyin kúrò nínú àwo bàbá mi, tí wọ́n á gbé e sí tèmi. Wọn kò fo ọjọ́ kan. Ohun tí dókítà sọ fún wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nígbà tí èmi náà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dún yìí, tí wọ́n ní cholesterol mi, irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò fẹ́ àròsọ mọ́. Mo fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó máa sọ fún mi ohun tí màá jẹ. Ìdí tí mo fi sanwó nìyẹn.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bó ṣe ń ka kálórì tàbí bó ṣe ń ka ìṣísẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe ìyẹn. Ó yá, kì í dákú, lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa fún ojú mi. Ó tán.

Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Lọ́jọ́ ẹyin yẹn, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, kò sì sọ ohun tó ṣe é dì mú, ni mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ènìyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n yàn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ló jáde. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni, kì í kí mi láìfi “mà” sí i. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má ṣèyọnu, funfun rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa jẹ. Pupa yẹn ló máa ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀.” Mo yí ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀ ti ń bá bọ̀ padà sókè títí mo fi kan èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí mi lọ́sẹ̀ kìíní: “Mà, ẹ má ju pupa ẹyin nù o, ibẹ̀ ni gbogbo oore rẹ̀ wà.” Mo dà á kọ, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo rí i pé ó ń tẹ̀wé. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Mo kà á, ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nígbà tó máa fèsì, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló kọ: “Ìlànà ti yí padà, mà.”

Mo ní ta ló yí i padà. Ó ní àwọn ọ̀gá. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi yí i. Ó ní òun á béèrè, mi ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ fi kanrí.

Lọ́sàn-án, obìnrin kan gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ pé ìlànà àtijọ́ ló ṣí síwájú ara rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, kódà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ jẹ, ẹ sáà má fi búrẹ́dì sí i. Búrẹ́dì gan-an ni wàhálà yín.” Mo ya àwòrán ojú fóònù mi pẹ̀lú àmì pupa yẹn, mo fi hàn án. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n mú sùúrù, òun á pe ọ̀gá òun. Ọ̀gá dé nírọ̀lẹ́. Òun ní tiẹ̀ sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyin rárá, pé àkókò tí mo jẹun ni kò dáa. Kí n má fi nǹkan kan ẹnu títí di ọ̀sán gangan, kí inú mi wà lófìfo fún wákàtí 16 lójúmọ́, pé tí mo bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó bá wù mí ni kí n jẹ.

Àwọn mẹ́ta nìyẹn láàárín wákàtí mẹ́sàn-án, ilé iṣẹ́ kan náà, ẹyin kan náà. Àwo náà ṣì wà níwájú mi. Pupa ẹyin tí mo là láàárọ̀ ti gbẹ, ó ti sán létí bí ilẹ̀ tí oòrùn pa. Mi ò tíì jẹ ẹ́. Èmi àgbàlagbà tó ti ń dáná fún ogún ọdún, mo jókòó ti ẹyin, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá owó mi padà.

Wọn kò dá a padà. Ohun tí wọ́n ṣe, tí mi ò sì retí, ni pé lọ́jọ́ kẹta obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní onímọ̀ oúnjẹ lòun, òun kàwé rẹ̀ ní yunifásítì, òun sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ó béèrè bóun ṣe lè máa pè mí. Mo ní kó máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Kò tíì dárúkọ ẹyin tó fi sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín sí mi létí, ẹ rọra kà á.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti wà pẹ̀lú wọn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá tú ọ̀rọ̀ ẹyin fún mi. Ó ní lọ́dún 1968 ni American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí cholesterol inú oúnjẹ wọn má ju mílígíráàmù 300 lọ lójúmọ́, kí pupa ẹyin má sì ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Pupa ẹyin ńlá kan máa ń ní tó mílígíráàmù 186, nítorí náà tẹ́ ẹ bá jẹ méjì, ẹ ti kọjá rẹ̀. Mo ní, “Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé ìyá mi ń ṣàṣìṣe?” Ó ní rárá o, ohun tí ìmọ̀ ìgbà yẹn sọ ni wọ́n ṣe. Ó ní nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ṣe ìlànà oúnjẹ ti 2015 sí 2020, wọ́n yọ iye 300 yẹn kúrò. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú cholesterol inú ẹ̀jẹ̀, àti pé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tó wà nínú bọ́tà àti lára ẹran, ló máa ń gbé e sókè ju cholesterol inú oúnjẹ lọ. Àmọ́ ara ò rí bákan náà, ó ní àwọn kan wà tí ẹyin máa ń gbé tiwọn ga gan-an.

Mo ní, “Èmi wá ńkọ́? Ṣé mo wà lára àwọn yẹn?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín nìkan ló lè sọ fún wa. Ẹ máa jẹ ẹyin kan lójúmọ́, ẹ dín bọ́tà àti ẹran inú agolo kù, ẹ jẹ́ ká tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.”

Ẹ má rò pé mo ń ṣe àsọdùn: omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ẹni tó ti bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ láyé mi ló máa ń mọ̀ ọ́n tán. Ẹni tó wá mọ̀ ọ́n jù lọ nínú wọn ló sọ pé òun ò mọ̀.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tá a fi sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè èwo ló dáa, kéèyàn dín ọ̀rá kù ni àbí kó dín búrẹ́dì àti ṣúgà kù, torí ìyẹn gan-an ni áàpù yìí yí dànù mọ́ mi lọ́wọ́. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí tí Yunifásítì Stanford gbé jáde ní 2018. Ènìyàn 609 ni wọ́n pín sọ́nà méjì fún oṣù 12. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 fọn, àwọn tó dín ṣúgà àti oúnjẹ afúnnilókun kù fi kílò 6.0 fọn, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Àmọ́ nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹni tó fọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n kílò wà níbẹ̀, ẹni tó tún sanra sí i náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí wọ́n sì jìnnà sí ṣúgà àfikún àti ìyẹ̀fun funfun. Ní ti ọ̀rọ̀ wákàtí 16 ti ọ̀gá wọn, ó ní ìwádìí kan jáde láti Ṣáínà ní 2022, ènìyàn 139, ọdún kan gbáko. Gbogbo wọn ló dín kálórì kù. Àwọn tó tún fi wákàtí dé ẹnu ara wọn mọ́ ọn kò fi bẹ́ẹ̀ fọn ju àwọn yòókù lọ. Tó bá bá yín lára mu, ẹ ṣe é. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun kan wà tó sọ tó dùn mí. Lọ́sẹ̀ kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi kílò mẹ́ta fọn, áàpù yọ̀ fún mi, èmi náà yọ̀, mo pe àbúrò mi láàárọ̀ kùtù láti sọ fún un. Obìnrin yìí ní omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ara máa ń kó ṣúgà pamọ́, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Téèyàn bá ti dín ṣúgà àti búrẹ́dì kù lójijì, gbogbo ẹ̀ á ṣàn lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀ mo bínú sí áàpù náà lẹ́ẹ̀kejì, torí ó dájú pé ẹni tó ṣe é mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa yọ̀ lórí omi.

Mi ò bínú pé ìmọ̀ yí padà o. Ó yẹ kó máa yí padà. Láàárín ọdún 1965 sí 1967, ẹgbẹ́ àwọn oníṣúgà ní Amẹ́ríkà sanwó fún àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard láti kọ̀wé tó di ẹ̀bi àrùn ọkàn ru ọ̀rá, tó sì fojú ṣúgà fò dá, ọdún 2016 ni àṣírí yẹn tó tú. Tí ẹnikẹ́ni ò bá padà lọ yẹ ìwé àtijọ́ wò, a ò bá má mọ̀. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí wọ́n wọlé lóru, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ àná rẹ́, kí wọ́n sì máa ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀yìn ìpè yẹn wá ńkọ́? Áàpù ò gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ. Láràárọ̀ ni mo ń jẹ ẹyin kan tó ní kí n jẹ, láràárọ̀ ni ojú fóònù ń pọ́n mọ́ mi. Mo ní kí wọ́n yọ àwọ̀ náà kúrò, wọ́n ní kò ṣe é yọ. Mo tún béèrè, ìdáhùn kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ti ọjọ́ kìíní ló wá kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé mo pè é: “Mà, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ Ajé-Ajé ni wọ́n máa ń fún wa ní ohun tá a máa sọ.” Ó wá fi ibi tí mo ti lè pa àwọ̀ náà hàn mí, ó wà lábẹ́ ìpele kẹrin níbi ètò, níbi tẹ́nikẹ́ni ò lè dédé dé. Ọlọ́run á bù kún ọmọ yẹn. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi dúró tì mí títí tí ojú fóònù fi funfun.

Onímọ̀ oúnjẹ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré lóṣù ni wọ́n gbà kí n bá a sọ̀rọ̀, ogún ìṣẹ́jú. Tí mo bá kọ̀wé sí i láàárín oṣù, àwọn mìíràn ló ń dáhùn lórúkọ rẹ̀, mo sì máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí wọn kì í béèrè nǹkan kan kí wọ́n tó dáhùn.

Mo tún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti wálẹ̀. Kò tíì dé ibi tí dókítà fẹ́, àmọ́ ó wálẹ̀ pẹ̀lú ẹyin kan lójúmọ́, pupa àti funfun. Mo gbé èsì náà lọ fún ìyá mi. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí, wọ́n ní, “Bàbá yín ì bá ti jẹ ẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san owó oṣù mẹ́ta mìíràn. Ọjọ́bọ̀ ni èmi àti obìnrin náà tún máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni mo fẹ́ bi í.