checkdmarc: ó ń tọ SPF lọ dé gbòǹgbò

Bí ẹ bá ní domain (orúkọ tó ń tẹ̀ lé @ nínú àdírẹ́sì ìmeèlì) tó ń fi ìmeèlì ránṣẹ́, tí terminal (ojú ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) kò sì bà yín lẹ́rù, ẹ wá àyè fún checkdmarc lórí kọ̀ǹpútà yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ SPF (àkójọ àwọn server tó láṣẹ láti fi orúkọ domain yín ránṣẹ́) àti DMARC (ìlànà ohun tí ẹni tó gba lẹ́tà máa ṣe sí èyí tí kò bá yege) wò nínú DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbangba domain yín. Ọ̀fẹ́ ni. Python ni wọ́n fi kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ni mò ń lò báyìí fún gbogbo domain tí àwọn oníbàárà gbé lé mi lọ́wọ́, mi ò sì rò pé mo tún máa padà sọ́dọ̀ àwọn wẹ́ẹ́bù wọ̀nyẹn tó ń fi àwọ̀ ewé àti pupa fún èèyàn ní máàkì bíi tíṣà.

Ta ló tiẹ̀ nílò irú nǹkan báyìí? Gbogbo wa, ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti fún ọ̀rọ̀ yìí le: ẹni tó bá ń kó lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM (òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́ lẹ́tà) àti DMARC. Microsoft tẹ̀lé wọn ní 2025. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kò sún mọ́ iye yẹn rárá, àmọ́ Gmail kò yọ ẹni kékeré sílẹ̀. Ó kéré tán, kó ní SPF tàbí DKIM. Ká má tíì sọ ti àwọn gbájú-ẹ̀ tó lè fi orúkọ yín kọ lẹ́tà sí oníbàárà yín pé àkáǹtì ti yí padà, ibí ni kó sanwó sí.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ fi pip, tó ń bá Python gbé ètò wọlé, gbé e wọlé, ẹ kọ checkdmarc, ẹ fi orúkọ domain tẹ̀ lé e, ó parí. Èsì á jáde ní JSON, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà lè kà. Bí domain bá pọ̀, ẹ to orúkọ wọn sínú fáìlì kan, ẹ fún un, kí ẹ ní kó fi CSV (tábìlì) dáhùn.

SPF ni mo ti kan sáárá sí i jù. Oníbàárà kan pè mí pé lẹ́tà ìròyìn táwọn ń fi ránṣẹ́ ń bọ́ sínú spam. Mo fi checkdmarc wo domain wọn, ó sì sọ ojú abẹ níkòó: SPF méjì ló wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló ní kí wọ́n fi ìlà kan kún DNS, kò sì sọ fún wọn pé inú èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n tì í bọ̀. RFC 7208 tó jẹ́ òfin SPF kò gba méjì láyè. Bí ìlà tó fi v=spf1 bẹ̀rẹ̀ bá ti ju ẹyọ kan lọ, permerror (àṣìṣe tí kò ní àtúnwò) ni, àtèyí tó dáa àtèyí tí kò dáa, òfo. Mo ti rí wẹ́ẹ́bù tó mú ọ̀kan nínú méjèèjì, tó yìn ín, tó sì fún un ní àwọ̀ ewé.

Mo pa méjèèjì pọ̀, mo tún bi í. Ó tún kọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní iye ìgbà tí SPF náà ń rán ẹni tó gba lẹ́tà lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ DNS ti ju 10 lọ, 10 sì ni òpin. Ojú lásán kò lè rí irú èyí. Ìlà náà kò gùn: include mẹ́rin (ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n lọ ka SPF domain mìíràn), "a" kan (server wẹ́ẹ́bù wọn), mx kan (server tó ń gba lẹ́tà wọn), tán. Àmọ́ include ń bí include, gbogbo àtọmọdọ́mọ wọn ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọ lọ́rùn. Mo wá ń fún checkdmarc ní orúkọ inú include kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó bá mi kà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iléeṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọn ò lò mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń jẹ mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn. Mo yọ ọ́. Mo yọ "a" náà, torí server wẹ́ẹ́bù wọn kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. (Ip4, tó ń kọ nọ́ńbà server sílẹ̀ tààrà, kò dá wàhálà sílẹ̀, kì í wọ ìṣirò.) Nígbà tí mo tún dá a wò, dns_lookups, ìyẹn iye ìbéèrè náà, ti di 8.

Ní ti DMARC, ẹ má jẹ́ kí "valid: true" tàn yín jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. p=none náà á gba true, bẹ́ẹ̀ p=none ò ní kí ẹnikẹ́ni dá ayédèrú lẹ́tà dúró; quarantine (sínú spam) àti reject (kí wọ́n kọ̀ ọ́) ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ó máa ń tọ àdírẹ́sì rua (ibi tí ìròyìn nípa lẹ́tà tó lo orúkọ yín ń lọ) lọ. Bí ìròyìn DMARC yín bá ń lọ sí domain ẹlòmíràn, domain yẹn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú DNS tirẹ̀ pé òun gbà kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sóun. Mo bá domain kan pàdé tí ẹni tó ń bójú tó o ṣáájú mi ti darí ìròyìn rẹ̀ sí domain ara rẹ̀, láìkọ ìyọ̀ǹda kankan. Wọ́n ti ń dúró de ìròyìn ọjọ́ ti pẹ́. Kò sí èyí tó dé. checkdmarc ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i.

DKIM ńkọ́? Kò yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò sì bá a jà. Selector, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fún kọ́kọ́rọ́ DKIM, ni wọ́n fi ń wá a, DNS kò sì ní bó ṣe lè to àwọn selector yín jáde fún àlejò. Àwọn wẹ́ẹ́bù tó ń pariwo pé ẹ ò ní DKIM kàn gbìyànjú àwọn orúkọ bíi default, google, selector1, wọn ò bá a, wọ́n gba ilé wọn lọ. Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ síra yín láti ibi tí lẹ́tà yín ń gbà jáde gan-an, ẹ ṣí header rẹ̀ (àkọsílẹ̀ bí lẹ́tà ṣe rìn), ẹ wá Authentication-Results. Kì í ṣe dkim=pass nìkan lẹ máa wò o. Bí header.d (tàbí header.i) tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ domain iléeṣẹ́ tó ń bá yín fi í ránṣẹ́, tí kì í ṣe tiyín, DMARC kò ní ka pass yẹn sí.

Ó tún máa ń bá àwọn server MX sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ní TLS, tó ń bo lẹ́tà lójú ọ̀nà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé, tí wọ́n sábà máa ń dí port 25 (ẹnu ọ̀nà tí àwọn server ń gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn), á kàn máa dúró ṣáá. Ẹ fi --skip-tls sí i.

Sean Whalen tó kọ ọ́ náà ló kọ parsedmarc, tó ń ka àwọn fáìlì ìròyìn XML tí rua ń kó wá, ẹ ó sì nílò ìyẹn kẹ́ ẹ tó gbé p=none lọ sí reject, torí checkdmarc kò mọ ẹni tó ń fi orúkọ yín ránṣẹ́; ohun tó wà nínú DNS àti àwọn server MX nìkan ló rí. Ẹni tí kò fẹ́ rí terminal sójú rárá lè máa bá wẹ́ẹ́bù rẹ̀ lọ. Kó ṣáà wo iye lookup, kó fi máàkì sílẹ̀.